Ilé Alága Kì Í Ṣe Títà

Ẹ̀yin tí ẹ ti fi òógùn ojú yín kọ́lé rí, ẹ dákun, ẹ fún mi láyè kí n fi ọkùnrin kan ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀. Kì í ṣe pé mo kórìíra rẹ̀ o. Irọ́ ni, mo kórìíra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ro tẹnu mi ná, kí ẹ̀yin náà wá dájọ́.

Ògúnkànmí ni orúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá pè é bẹ́ẹ̀ lójú ara rẹ̀, ẹ ti ṣẹ̀ ẹ́. Orúkọ tó fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ni Olóyè, Alàgbà, Ẹnjiníà Ògúnkànmí, Alága Àpapọ̀ Gbogbogbòò Ẹgbẹ́ Onílé Àdúgbò Ìrẹ̀pọ̀dùn, Ibafo. Ta ló fi í joyè? Ẹ má bi mí. Ẹ̀rọ wo ló tún ṣe rí tó fi di Ẹnjiníà? Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló fi jókòó ti yàrá ẹrù ní ọ́fíìsì ìjọba kan l'Ékòó, tó ń fún àwọn èèyàn ní gílóòbù àti ìgbálẹ̀, tó ń ní kí wọ́n buwọ́ lùwé. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó kó wá sí ilé rẹ̀ ní Ibafo, ní àdúgbò kan tí kò ju òpópónà mẹ́rin lọ, létí ọ̀nà márosẹ̀ tó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn. Ó wò yíká, ó rí i pé àwọn èèyàn ibẹ̀ kò ní ẹni tí yóò máa pàṣẹ fún wọn. Àánú wọn ṣe é gan-an.

Ìyàwó rẹ̀ ń jẹ́ Àjíbíkẹ́, ọmọ Ifọ, aránṣọ. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kan létí títì, yàrá kan ṣoṣo tó fi owó àjọ ọdún mọ́kànlá rà, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́rin àti ọmọṣẹ́ mẹ́ta. Ṣọ́ọ̀bù yẹn ni kí ẹ fọkàn sí. Ọkọ ń ṣe alága, ṣọ́ọ̀bù ń bọ́ alága. Gbogbo aṣọ àrán tí ọkùnrin yẹn ń gbé sọ́rùn lọ sí ìpàdé, ibẹ̀ ló ti jáde.

Ìpàdé onílé a máa wáyé ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, lẹ́yìn tí àwọn èèyàn bá ti gbálẹ̀ tán. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ jókòó kí Alága tó jókòó. Alága kò sì ní jókòó títí Mùtíù, akọ̀wé ẹgbẹ́, yóò fi kì í tán. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Mùtíù, ó ń lẹ táìlì. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dán bí ẹnu rẹ̀ ni, táìlì ilé mi kì bá tí ṣí.

"Ẹ dìde o!" Mùtíù á pariwo. "Alága tó gbé tíráńsífọ́mà wọ Ìrẹ̀pọ̀dùn! Alága tó lé ọmọ onílẹ̀ lọ! Alága tó jẹ́ pé bí ó bá sín, Mowe á dáhùn!"

A jọ dáwó ra tíráńsífọ́mà yẹn ni o. Ní ti àwọn ọmọ onílẹ̀, ìgbà tí kò sí ilẹ̀ tí wọ́n lè tà mọ́ ni wọ́n kúrò. Ṣùgbọ́n oòrùn a máa mú, ẹsẹ̀ a máa dunni lórí ìdúró, nítorí náà a máa ń pàtẹ́wọ́ kó lè jókòó.

Wàyí o, ní ọdún méjì sẹ́yìn, àwọn gbájú-ẹ̀ kan ta ilé ọkùnrin kan tó wà lókè òkun fún èèyàn mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ọmọ èèyàn ń ṣe sírú ọ̀rọ̀ báyìí: ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà á ra ọ̀dà, á kọ ọ́ sára ògiri rẹ̀ pé ilé yìí kì í ṣe títà, ó parí. Kò parí fún Alága. Ó sọ ọ́ di òfin. Ó ní gbogbo ilé gbọ́dọ̀ kọ ọ́, ní ọ̀dà pupa, kí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ga tó ọmọ ọdún mẹ́ta, kí nọ́ńbà fóònù Alága sì wà lábẹ́ rẹ̀ kí ẹni tó bá fẹ́ ra ilé lè pè é láti wádìí. Ilé gbogbo kọ ọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì kọ ọ́. Wọ́n kọ ọ́ sára mọ́sáláásí, kí àwọn tó fẹ́ ra mọ́sáláásí lè jáwọ́. Ìyá arúgbó kan ní ilé adìyẹ lẹ́yìnkùlé, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ náà. Alága fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sára ògiri rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó kọ ọ́ sára géètì, ó kọ ọ́ sára táńkì omi tó wà lókè, bóyá nítorí àwọn tó ń wọ bàálù kọjá.

Bí onílé kan bá wá fẹ́ tà ní tòótọ́ ńkọ́? Ó di kí Alága kéde rẹ̀ ní ìpàdé lẹ́ẹ̀mẹta, oṣù mẹ́ta gbáko tó tẹ̀ léra wọn, bí pásítọ̀ ṣe ń kéde àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó. Lẹ́yìn ìkéde kẹta nìkan ni wọ́n tó lè pa ọ̀dà náà rẹ́. Ẹni tó bá pa á rẹ́ ṣáájú, olè la ó kà á sí. Kò sì sẹ́ni tó lè yí òfin yìí padà, àfi tí a bá kéde ìyípadà náà fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ bá mi wo iṣẹ́ ọpọlọ.

Ẹni àkọ́kọ́ tí òfin náà gbá mú ni Alhaja Sọ̀fíyátù, opó kan tó ń gbé òpópónà kẹta. Sódìq, ọmọ rẹ̀, jábọ́ lórí ọ̀kadà, ẹsẹ̀ rẹ̀ fọ́, àwọn dókítà sì ní iṣẹ́ abẹ gbọ́dọ̀ yá. Obìnrin náà rí ẹni tó fẹ́ ra ilé rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, owó wà lọ́wọ́ onítọ̀hún, ṣùgbọ́n kò lè dúró fún oṣù mẹ́ta. Alhaja kúnlẹ̀ níwájú Alága nínú ìpàdé, obìnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún.

"Alága, ẹ ṣàánú mi. Ọ̀sẹ̀ kan péré."

Ọkùnrin náà dìde. Ó tún agbádá ṣe ní ẹ̀gbẹ́ kìíní, ó tún un ṣe ní ẹ̀gbẹ́ kejì.

"Alhaja," ó ní, "bí mo bá fọwọ́ kan òfin yìí, àti òní àti ọ̀la àwọn ọmọ wa ni mo fọwọ́ kàn. Ẹsẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo ń dùn ún. Ìrẹ̀pọ̀dùn ní ẹsẹ̀ tó lé ní ẹgbẹ̀ta. Ti ta ni kí n tọ́jú?"

Mùtíù ní kí a pàtẹ́wọ́. Ojú tì mí láti sọ ọ́, àwọn kan pàtẹ́wọ́. Ẹni tó fẹ́ rà á lọ ra tirẹ̀ ní Asese. Sódìq ń tiro títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ṣé ẹ ti rí i pé mi ò kàn ṣàdédé kórìíra èèyàn?

Ó wá di oṣù Kejì ọdún yìí. Alága lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Mowe, nínú ẹ̀sítéètì tuntun kan tí wọ́n ń pè ní Ọlá-Ìdẹ̀ra. Bí ọkọ̀ rẹ̀ ṣe dé ẹnu géètì, sìkíọ́rítì kan tó wọ aṣọ búlúù na gbọnrangandan, ó gbá ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣe sàlúùtù fún un. Ẹ̀yin èèyàn mi, ibẹ̀ ni ọpọlọ ọkùnrin yìí ti já. Nígbà tó kí ọ̀rẹ́ tán, ó jáde, wọ́n ṣe sàlúùtù fún un. Ó yípadà bí ẹni tó gbàgbé nǹkan, ó wọlé, wọ́n tún ṣe é. Ó jáde lẹ́ẹ̀kejì. Kò bèèrè bí omi ṣe ń yọ níbẹ̀, kò bèèrè iná, kò bèèrè bí òjò ṣe ń ṣe ojú ọ̀nà wọn. Ọ́fíìsì wọn ló gbà lọ tààrà, ó ní òun fẹ́ ra ilé.

Obìnrin tó ń bójú tó ọ́fíìsì náà ń jẹ́ Dáraolúwa, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Ó mú un wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó kù.

"Ẹ máa san owó àsansílẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, sà," ó ní. "Oṣù mẹ́ta lẹ ní láti san èyí tó kù. Bí ọjọ́ bá kọjá, ilé á bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, a ò sì ní dá owó àsansílẹ̀ padà. Ó wà nínú ìwé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á."

"Arábìnrin," Alága fèsì, "irú wa kì í kàwé. Àwa là ń kọ ọ́."

Ó délé, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀. Àjíbíkẹ́ ń gbọ́, abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀. Ó yọ abẹ́rẹ́ náà kó tó fèsì.

"Bàbá Títílọpẹ́, níbo lowó wà?"

"A ó ta ilé yìí."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká tà á ná. Kówó rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa, ká tó dá ọjọ́ fún ilé ẹlòmíì. Bí èyí tí ẹ rí bá lọ, òmíì á jáde. Mowe ò ní sá."

"Àjíbíkẹ́, ṣé kí èmi Ògúnkànmí ta ilé mi kí n máa wá ibi tí màá forí pamọ́ sí? Kí n lọ háyà yàrá? Ẹni tó wà nípò bíi tèmi, inú ilé kan ló ti ń bọ́ sínú òmíì. Ṣọ́ọ̀bù rẹ la máa fi san àsansílẹ̀. Bí ilé yìí bá ti tà, owó ṣọ́ọ̀bù rẹ ni màá kọ́kọ́ yọ. Mo fi Títílọpẹ́ búra."

Ó fi ọmọ búra o. Obìnrin náà wo ojú rẹ̀ pẹ́. Ogójì ọdún ló fẹ́rẹ̀ẹ́ fi bá a gbé. Ó ní bó bá jẹ́ dandan, ohun kan ṣoṣo lòun ń bẹ̀bẹ̀ fún.

"Ẹ kéde rẹ̀ ní ìpàdé Sátidé ọ̀tunla. Ìkéde ẹlẹ́ẹ̀mẹta á parí ní òpin oṣù Kẹrin. Ọjọ́ ẹ̀sítéètì di òpin oṣù Karùn-ún. Ẹ ti ní oṣù kan láti fi tà á. Bí ẹ bá jẹ́ kí Sátidé yìí lọ, kò ní bọ́ sí i mọ́."

Ìṣirò aránṣọ nìyẹn. Ó ti wọn aṣọ náà, ó mọ ibi tó máa kúrú sí. Ṣùgbọ́n Sátidé ọ̀tunla kan náà ni Mùtíù àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ti yà sọ́tọ̀ láti fi Alága jẹ Alága Títí Ayé. Wọ́n ti ra ìwé ẹ̀rí, wọ́n ti fi gíláàsì bò ó. Ṣé ọjọ́ náà ni kó wá dìde kó ní òun ń kó lọ?

Àjíbíkẹ́ ta ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ọjọ́ Ẹtì fún ọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe. Ó kó ẹ̀rọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé. Ní ọjọ́ kejì, ọkọ rẹ̀ dúró lórí pèpéle, wọ́n gbé ìwé ẹ̀rí lé e lọ́wọ́, ó sì sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo wo aago.

"Àwọn kan á kọ́lé síbí, wọ́n á tún sá lọ sí ẹ̀sítéètì," ó ń pariwo. "Àwọn tí ojú wọn ń wọ̀! Èmi kọ́! Inú ilẹ̀ Ìrẹ̀pọ̀dùn yìí lẹ máa sin mí sí!"

Mùtíù sunkún. Lẹ́yìn ìpàdé, wọ́n mú Alága lọ sí ẹ̀gbẹ́ tíráńsífọ́mà, wọ́n fi ẹsẹ̀ wọn ibi tí sàréè rẹ̀ máa wà, ó sì ní kí wọ́n fẹ̀ ẹ́ sí i díẹ̀. Owó àsansílẹ̀ ẹ̀sítéètì sì rèé, ó ti san án ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an kó tó wá sípàdé.

Bó ṣe wá di pé ilé Alága wà lọ́jà láìsí pé ó wà lọ́jà nìyẹn. Ó pe Ashraf, ajẹ́ǹtì kan ní Mowe, ọkùnrin kan tó ní fóònù méjì, tí méjèèjì kì í dákẹ́. Ashraf dé, ó wo ògiri, ó wo géètì, ó gbójú sókè wo táńkì.

"Daddy, àbẹ́ẹ̀gì, ta ló máa ra èyí? Ó wà níbi gbogbo. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀dà funfun pa á rẹ́ kíá."

"Bí mo bá pa á rẹ́, wọ́n á mọ̀. Òfin mi ni."

"Kí la wá fẹ́ ṣe, sà?"

Alága ronú, ó wá rí ọgbọ́n kan tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Ó lọ ṣe bánà ńlá kan tí àwòrán ojú ara rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ó fi bo ògiri iwájú. Lójú aráyé, ó ń dúpẹ́ oyè. Ní ti ògiri ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́, ó ní kí Àjíbíkẹ́ máa sá gbogbo aṣọ tó wà nílé sí i bí oníbàárà bá ń bọ̀. Ó fi ọ̀rá dúdú bo táńkì, ó sì ní kí wọ́n máa ṣí géètì gbayawu mọ́ ògiri kí ẹnikẹ́ni má lè rí ojú rẹ̀. Obìnrin tó yẹ kó máa rán aṣọ, ó wá ń fọ aṣọ tí kò dọ̀tí, lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀, ó ń sá a sókè. Nínú ọmọṣẹ́ rẹ̀ mẹ́ta, méjì ti bá ti wọn lọ. Àwọn oníbàárà rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù àtijọ́, wọ́n bá ẹni tó ń tún fóònù ṣe, wọ́n yà sọ́dọ̀ aránṣọ mìíì.

Àwọn tó fẹ́ rà á ń wá ní tiwọn, afẹ́fẹ́ ọ̀nà márosẹ̀ náà ń fẹ́. Ọkọ àti ìyàwó kan wá láti Ìkọ̀rọ̀dú, wọ́n fẹ́ràn yàrá, wọ́n fẹ́ràn kànga, wọ́n jáde síta láti wo iwájú ilé lẹ́ẹ̀kan sí i. Atẹ́gùn gbé ẹsẹ̀ bánà sókè. Lábẹ́ àgbọ̀n Alága tó ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ka KÌ Í ṢE TÍTÀ. Ọkọ ti ń ṣáná sí mọ́tò kí ìyàwó tó kà á tán. Oṣù Kẹta lọ báyẹn. Oṣù Kẹrin náà fẹ́ máa lọ.

Ní Sátidé tó ṣáájú ìpàdé oṣù Kẹrin, Ashraf mú ẹnì kan wá tí gbogbo wa ì bá máa gbàdúrà fún. Bólúwadúró ni orúkọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ báńkì l'Ékòó, owó rẹ̀ pé lọ́wọ́, kò sì nílé kankan tó fẹ́ tà kó tó rà. Ó wo ilé náà tọkàntọkàn. Ó ti ń sọ ibi tí àga rẹ̀ máa wà. Ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ọ̀kan nínú aṣọ tí Àjíbíkẹ́ sá sì jábọ́ lórí okùn. Ó ka ohun tó wà lára ògiri. Kò sá lọ. Ọmọ báńkì ni, ó fẹ́ wádìí. Ó rí nọ́ńbà tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó yọ fóònù, ó tẹ̀ ẹ́.

Ní yàrá àlejò ilé kan náà, níbi tí Alága sápamọ́ sí kó lè máa gbọ́ bí ọjà ṣe ń lọ, fóònù dún. Kò dáwà. Mùtíù ti yọjú lójijì láti wá kí i, ó ti jókòó tì í, ó ń yìn ín lọ́wọ́. Ẹ bá mi wo ọ̀ràn: bí kò bá gbé e, á máa dún. Ó gbé e.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ni Bólúwadúró wí. "Mo rí nọ́ńbà yín lára ilé kan ní Ìrẹ̀pọ̀dùn. Wọ́n ní ó wà fún títà. Ṣé lóòótọ́ ni?"

Mùtíù na etí. Alága wo Mùtíù. Ó kù bí ogójì ọjọ́ kí ọjọ́ ẹ̀sítéètì pé. Owó ṣọ́ọ̀bù Àjíbíkẹ́ wà nínú ẹnu rẹ̀ lásìkò yẹn, ọ̀rọ̀ kan péré ló máa gbà á là, kó sọ pé òun ń bọ̀, òun á pè é padà. Ṣé ó sọ bẹ́ẹ̀? Bí ọkùnrin yìí bá rí ẹnì kan ṣoṣo tó ń wò ó, orí pèpéle ló wà.

"Ẹni tó bá sọ fún yín pé ilé yẹn wà fún títà," ó bú ramúramù, "olè ni! Gbájú-ẹ̀ ni! Ẹ dì í mú! Ẹ fi igbe ta! Èmi Alága Títí Ayé ló sọ bẹ́ẹ̀!"

Mùtíù pàtẹ́wọ́. Bólúwadúró gbọ́ ohùn náà lórí fóònù, ó sì tún gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ráyè ronú sí ìyẹn, ó ti di ọrùn aṣọ Ashraf mú. "Olè o!" Ẹ̀yin mọ Ibafo. Kí wọ́n tó pe ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kejì, òpópónà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti dé. Wọ́n gba Ashraf létí méjì, wọ́n bọ́ bàtà rẹ̀, wọ́n sì wọ́ ọ lọ síwájú ẹni tó yẹ kó dájọ́ rẹ̀. Àlejò Èkó wọ mọ́tò rẹ̀, ó kúrò.

Alága jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mi ò ní gbàgbé bó ṣe wo Ashraf, bí ẹni tí kò rí i rí.

"Ọkùnrin yìí," ó bẹ̀rẹ̀, "tó wá láti ba orúkọ rere Ìrẹ̀pọ̀dùn jẹ́..."

"Daddy, ẹ̀yin lẹ rán mi níṣẹ́ o!" Ashraf ké.

"Mi ò mọ̀ ọ́n rí! Ẹ mú un lọ sí tésàn!"

Ó yẹ kó mọ̀ pé ẹni tó ní fóònù méjì, bí wọ́n bá gba ọ̀kan, ó ṣì ku ọ̀kan. Ashraf fa èkejì yọ látinú ṣòkòtò, ó tẹ Wọ́sáàpù, ohùn Alága sì jáde, tó tò, tó mọ́, tó sì gùn bó ṣe máa ń gùn.

"Ashraf, tètè bá mi ta ilé yìí. Ẹ̀sítéètì ò ní dúró dè mí. Mi ò lè máa bá àwọn ọ̀bọ tó wà níbí yìí gbé mọ́. Wọ́n ní inú ilẹ̀ wọn làwọn máa sin mí sí, ẹ̀gbẹ́ tíráńsífọ́mà, èmi! Bí o bá pàdé akọ̀wé mi, Mùtíù, sọ fún un pé páìpù lo wá tún ṣe. Á gbà ọ́ gbọ́. Ọpọlọ rẹ̀ ò tó ti adìyẹ."

Ẹnì kan ní kó tún un ṣe, Ashraf tún un ṣe. Mùtíù bọ́ fìlà rẹ̀, ó ń wò ó bíi pé inú rẹ̀ ni ọpọlọ náà wà. Àjíbíkẹ́ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, òwú lọ́wọ́. Ó padà wọlé.

Ìpàdé Sátidé tó tẹ̀ lé e kún débi pé àga ò tó. Kò sẹ́ni tó dìde fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n yọ ọ́ lóyè láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, wọ́n fi Alhaja Sọ̀fíyátù rọ́pò rẹ̀. Mùtíù ti fò dìde. "Ẹ dìde o! Ìyá tó bí ọgọ́rùn-ún! Alága obìnrin tó jẹ́ pé..."

"Mùtíù, jókòó," ni Alhaja wí. "Ṣí ìwé òfin."

Ògúnkànmí wà lórí ìdúró. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ó kúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sójú ibi tí obìnrin náà ti kúnlẹ̀ ní nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀ sẹ́yìn, bóyá ó mọ̀, bóyá kò mọ̀.

"Alhaja, ẹ dárí jì mí. Ẹ jẹ́ kí n pa ọ̀dà yẹn rẹ́ lónìí. Ṣọ́ọ̀bù ìyàwó mi ló wà níbẹ̀."

Àwọn èèyàn ń pariwo pé rárá. Alhaja gbọ́wọ́ sókè, wọ́n dákẹ́.

"Mo fẹ́ kí ẹsẹ̀ máa dùn yín bíi ti ọmọ mi," ó ní. "Mi ò ní purọ́, mo ti gbà á ládùúrà rí. Ṣùgbọ́n Àjíbíkẹ́ kò ṣẹ̀ mí. Òun ló rán aṣọ fún Sódìq nígbà tó dùbúlẹ̀ sí ọsibítù, kò gba kọ́bọ̀. Nítorí tirẹ̀, mo fẹ́ kí á wọ́gi lé òfin yìí báyìí. Mùtíù, kí ni ìwé sọ?"

Mùtíù kà á. Ohùn rẹ̀ ò dùn lọ́jọ́ náà. "Ó ní kò sẹ́ni tó lè yí i padà, àfi tí a bá kéde ìyípadà náà lẹ́ẹ̀mẹta, oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ léra wọn. Ó ní ìpàdé tó bá ṣe ohun mìíì yàtọ̀ sí èyí, asán ni, ilé tí wọ́n bá sì tà lórí rẹ̀, ẹnikẹ́ni lè pe ẹjọ́ gbà á."

"Ta ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

Ẹni tó kọ ọ́ ń wo ilẹ̀. Agbẹjọ́rò kan wà láàárín wa, ó ní bí ìwé ṣe wà yẹn, kò sí oníbàárà tó ní ọpọlọ tó máa sanwó. Nítorí náà a kéde ìyípadà òfin, ìkéde kìn-ín-ní. A kéde ilé Ògúnkànmí pẹ̀lú rẹ̀, ìkéde kìn-ín-ní. Ìkẹta máa bọ́ sí òpin oṣù Kẹfà. Òpin oṣù Karùn-ún ni ẹ̀sítéètì fún un.

Kí ọjọ́ náà tó pé, ó lọ sí Mowe láti lọ bẹ̀bẹ̀. Sìkíọ́rítì ní kó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àlejò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ Olóyè, Alàgbà, Ẹnjiníà, àyè sì tán kó tó dé Ògúnkànmí. Ó wọ ọ́fíìsì, ó gbẹ́nu lé àlàyé kan tó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Dáraolúwa tẹ́tí sí i tìwà-tìwà.

"Owó ńkọ́, sà?" ó ní.

Lẹ́yìn tí ọjọ́ kọjá, ẹ̀sítéètì ta pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà. Ọkùnrin báńkì kan tó ti ń wá ilé kiri ojú ọ̀nà náà ló rà á, ó san án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ ni, Bólúwadúró ni. Wọ́n ní aago méjìlá ọ̀sán ló wo ilé, nígbà tó fi di aago mẹ́ta, kọ́kọ́rọ́ ti wà lápò rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ra ilé nìyẹn, bí owó bá ti wà nílẹ̀.

Owó ṣọ́ọ̀bù lọ báyẹn. Ọdún mọ́kànlá àjọ.

Ní ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù Kẹfà, ọkọ̀ kòrópé kan dúró níwájú ilé. Ẹ̀gbọ́n Àjíbíkẹ́ ní Ifọ ti yọ̀ǹda iwájú ilé rẹ̀ fún un kó máa ránṣọ níbẹ̀. Òun àti ọmọṣẹ́ kan tó kù ń kó ẹrù. Ògúnkànmí jáde, ó gbé agbádá sọ́rùn ní aago mẹ́jọ àárọ̀.

"Àjíbíkẹ́, ìyàwó mi àtàtà," ó bẹ̀rẹ̀, "gẹ́gẹ́ bí olórí ilé yìí, mo fẹ́ fi àsìkò yìí..."

"Bàbá Títílọpẹ́, ẹ bá mi gbé ẹsẹ̀ ẹ̀rọ yẹn."

Ó wò yíká bóyá ó máa rí ẹni tó máa rán. Kò sẹ́nì kan. Ó ká agbádá sí èjìká, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé e. Irin ni, ó wúwo. Ó gbé ti kejì, ó gbé ti kẹta, òógùn bò ó, nígbà tó di ti kẹrin ó dúró tì í, ó dì í mú, kò fẹ́ gbé e lọ.

"O ń bínú lọ ni?"

"Mo ń bínú," Àjíbíkẹ́ fèsì. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbínú ló ń gbé mi lọ. Mi ò níbi tí mo ti lè ṣiṣẹ́ níbí mọ́. Mo gbọ́dọ̀ jẹun."

"Ọjọ́ wo lo máa padà?"

Àjíbíkẹ́ gba ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sínú ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ó sì jókòó ti dírẹ́bà. Ọkùnrin náà sún mọ́ fèrèsé ọkọ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, ohùn rẹ̀ kéré.

"Èmi ńkọ́?"

Obìnrin náà wo ilé yẹn, látòkè dé ìsàlẹ̀.

"Ilé yín rèé," ó ní. "Kò sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ yín."